Ọ̀gá ní ewu táńkì wa kéré, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀

Ọkàn Ò Balẹ̀: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mò ń gbé ewu yẹ̀ wò níléeṣẹ́ wa. Táńkì ńlá kan wà, bó bá gbiná, ẹ̀mí á bá a lọ. Nínú tábìlì tí a fi ń fún ewu ní máàkì, a ń wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra tó: ó ṣọ̀wọ́n, 1. A tún ń wo bó ṣe burú tó: ó burú jù, 5. 1 lọ́nà 5, ó di 5: àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ewu rẹ̀ kéré. Àwọn tó ń gé okùn, tí ọ̀bẹ ń ha lọ́wọ́ ṣáá, 5 lọ́nà 1, àwọ̀ ewé náà ni! Mo sọ ọ́ nípàdé, ọ̀gá bú mi níwájú àwọn ọmọ tuntun. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Bàbá Wẹ́dà: Má fiṣẹ́ sílẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, pátákó “kò sẹ́ni tó farapa” ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn pátákó yẹn gan-an ni páìpù ti bẹ́.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ìtàn yín ò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Láti 2009 ni ISO 31000, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń bójú tó ewu, ti pe ewu ní ipa tí àìdánilójú ń ní lórí ohun tí a fẹ́ mú ṣẹ. Ní 2015, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò iṣẹ́ epo ní Norway náà fi àìdánilójú sínú ìtumọ̀ tiwọn. Kí lẹ gbé 1 yẹn lé?

Ọmọ Ìṣirò: Tẹ́ ẹ bá da tábìlì nù, kí lẹ máa fi pinnu? Nọ́ńbà sàn ju àríyànjiyàn lọ.

Ìyá Ìbejì: Ta ló ní ẹ dà á nù? Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà bóyá ìmọ̀ tó gbé e ró lágbára. Níléeṣẹ́ ìfọpo kan ní Texas City, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2005, ìfarapa kéékèèké tó ń dín kù ni wọ́n gbójú lé. Ibẹ̀ bú gbàù, èèyàn 15 kú.

Ọkàn Ò Balẹ̀: Mi ò fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú iṣẹ́ mi o. Àkọsílẹ̀ wà, ó pẹ́ dáadáa, táńkì yẹn ò jò rí. Omi ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn ṣá. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n ń rọ kẹ́míkà tó ń gbiná sí i.

Ìyá Ìbejì: Háà! Àkọsílẹ̀ omi lẹ fi ń ṣèdájọ́ kẹ́míkà? 1 yẹn kì í ṣe ti táńkì yìí mọ́.

Bàbá Wẹ́dà: Ṣé ẹ ń jó irin nítòsí rẹ̀?

Ọkàn Ò Balẹ̀: Lọ́la ni wọ́n fẹ́ jó àtẹ̀gùn mọ́ ọn lára. Ìwé àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá Wẹ́dà: Má buwọ́ lù ú! Bó ṣẹ́ ku díẹ̀ nínú rẹ̀, oru kẹ́míkà yẹn lè bú gbàù. Kí wọ́n fa ohun tó wà nínú rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wọn oru inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tanná síbẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ tábìlì sílẹ̀ ná, pe ọ̀gá rẹ báyìí.