Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí ikọ̀ panápaná, ẹ̀kọ́ wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti akẹgbẹ́ mi. Obìnrin ni mí, ilé-iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ mi ti jáde fún ìgbéga, láìpẹ́ èmi ni màá sì máa darí ikọ̀ kan ní ibùdó wa. Méjì nínú àwọn tí yóò wà lábẹ́ mi ló kọ́ mi bí a ti ń di hóòsì mú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò bà mí lẹ́rù. Mo mọ ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo mọ sílíńdà afẹ́fẹ́ àti ìbòjú rẹ̀, mo sì ti wọ ilé tó kún fún èéfín láìmọye ìgbà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́, kò sí ẹni tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ti ń darí ibi ìjàǹbá: ta ló yẹ kó lọ síbo, ìgbà wo ló yẹ kí a ní kí àwọn ènìyàn wa jáde, kí ni kí a sọ fún ọlọ́pàá, kí sì ni kí a sọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń wò. Èkíní ni dípúlómà ìṣàkóso ní yunifásítì, tí màá máa fi owó oṣù mi san. Èkejì ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ ní Sheda, l'Ábújá, bí àwọn ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni kí n máa tọ́jú owó fún ẹ̀kọ́ lókè òkun. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn lórí bí mo ṣe lè pàṣẹ lójú iná fún àwọn tó jù mí lọ, kó má di ìwà àfojúdi.

Àgbà òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, o kú oríire. Iṣẹ́ ọwọ́ tí o mọ̀ dáadáa yẹn gan-an ló máa ń dí ọ̀gá tuntun lọ́wọ́. Bó bá ti rí i pé ọmọ kan kò di hóòsì mú bó ti yẹ, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì wọlé. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ibi ìjàǹbá ti di aláìlólórí, nítorí pé ẹni tó wà nínú èéfín kò lè rí i pé iná ti yọ lẹ́yìnkùlé tàbí pé ògiri ti ń là. Ibi tí wàá ti rí ojú ilé àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ni kí o dúró sí, pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó dúró, kọ́kọ́ yí ilé náà po fúnra rẹ, tàbí kí o rán ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé láti yí i po.

Ní ti àwọn àgbà, ibùdó ni a ti ń yanjú ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe ojú iná. Pe àwọn méjèèjì jókòó kí o tó gorí ipò, kí wọn bí o ti máa ń kí wọn, kí o sì sọ ojúṣe tí o fẹ́ kí wọ́n gbà. Fi ọ̀kan nínú wọn ṣe alábòójútó ààbò: òun ni kó máa wo òrùlé, ògiri àti wáyà iná mànàmáná, kó sì láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ewu bá yọjú. Kò sí ẹni tó yẹ fún iṣẹ́ yẹn ju ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí púpọ̀ lọ, kò sì ní rò pé o fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Lórí rédíò, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa jẹ́ orúkọ ojúṣe rẹ̀, bí "Olórí", "Ikọ̀ Kìíní", "Ikọ̀ Ẹ̀yìnkùlé". Nígbà tí o bá ní "Ikọ̀ Ẹ̀yìnkùlé, ẹ jáde báyìí", ojúṣe ni o ń bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọdé ń pàṣẹ fún àgbà.

Ohun tí Sheda lè fún ọ yóò wúlò, ṣùgbọ́n má dúró dè é. Ohun tí àwa ń ṣe ní ibùdó wa nìyí: a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọjà ìlú sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ibùdó, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, ibi tí àwọn oníṣòwò ti fi tábìlì dí ọ̀nà, kànga àti táǹkì omi tó sún mọ́ ọn, àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kó sílíńdà gáàsì sí. A ó wá fi ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ wa. Ẹnì kan á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pé iná ti dé ibi ìtajà aṣọ, pé omi ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti tán. Ẹni tí a fẹ́ kọ́ á máa gbé ìdérí náà kiri, á sì máa pàṣẹ bíi pé rédíò ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Fi tánkà epo sínú ìdánrawò náà. Nígbà tí tánkà gbiná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá lọ́jọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná lójú ọ̀nà. Omi lásán kò lè bo epo tó ń jó mọ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù tó ń hó bí ọṣẹ ló lè ṣe é, fọ́ọ̀mù sì máa ń wọ́n. Nítorí náà, ìpinnu àkọ́kọ́ tí olórí gbọ́dọ̀ ṣe ni ibi tí epo ń ṣàn gbà, kọ́tà tó wà nídìí ọ̀nà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, àti bí a ó ṣe dá ọkọ̀ dúró ní ọ̀nà méjèèjì. Tún rántí pé àwọn ènìyàn a máa sọ òkò lu ọkọ̀ wa bí wọ́n bá ní a pẹ́ dé. Yan ẹnì kan tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀, tí yóò wá onílé tàbí alábòójútó ọjà kàn, tí yóò sì bi í bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà nínú ilé.

Ọmọ Èkìtì ní Maryland

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Panápaná ni èmi náà níbí. Ìlànà NFPA, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ààbò iná, tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, pín ẹ̀kọ́ ọ̀gá panápaná sí ìpele 4. Ìpele kìíní wà fún ẹni tó ń darí ikọ̀ kan, ìkẹrin sì wà fún ẹni tó fẹ́ darí àjọ odidi. Ìpele kìíní ni tiyín báyìí. Ọ̀rọ̀ ìṣúná àti ètò àjọ tí yunifásítì yóò kọ́ yín dára, ṣùgbọ́n ìpele òkè ló wúlò fún jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dípúlómà náà dúró ná.

Ẹ kọ́kọ́ ka ètò ìdarí ibi ìjàǹbá tí wọ́n ń pè ní ICS. Lẹ́yìn iná igbó ńlá tó jó California ní ọdún 1970 ni wọ́n rí i pé àwọn àjọ tó wá ṣèrànwọ́ kò gbọ́ ara wọn yé lórí rédíò, tí wọn kò sì mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún ta, ibẹ̀ ni ètò náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí òṣìṣẹ́ máa jábọ̀ fún, àti pé kí olórí kan má darí ju ènìyàn 3 sí 7 lọ tààrà. 5 ni wọ́n ní ó dára jù. Ìwé ẹ̀kọ́ ICS-100 àti ICS-200 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Inú kíláàsì ni a ti ń kọ́ 300 àti 400. Ohun tí bàbá Abẹ́òkúta ń fi ìdérí ìgò ṣe yẹn, òun ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ wa ní Emmitsburg: àwòrán ilé tó ń jó wà níwájú rẹ, rédíò wà lọ́wọ́ rẹ, iná kò sì dúró dè ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Lọ́jọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1999, ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì gbiná ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n sọ pé àwọn aláìnílé kan ń sùn nínú rẹ̀. Panápaná méjì wọlé láti wá wọn, wọ́n ṣìnà nínú èéfín, afẹ́fẹ́ sílíńdà wọn sì ń tán lọ. Mẹ́rin mìíràn tó wọlé láti wá àwọn panápaná méjì náà kú pẹ̀lú wọn. Ọ̀gá kan, Mike McNamee, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó sì dá àwọn yòókù tó fẹ́ wọlé dúró. Àwọn aláìnílé náà ti jáde tipẹ́. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń sọ fún panápaná pé kí wọ́n má lọ gba akẹgbẹ́ wọn là. Bí ẹ kò bá tíì pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìdánrawò, yóò ṣòro láti pinnu rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba, Òṣogbo

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí arábìnrin wa fojú kéré ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga láìní ìwé kankan, àlàyé ìdérí ìgò kò ní gbà á. Kọ lẹ́tà ìbéèrè fún Sheda nísinsìnyí, gba ọ̀nà ọ̀gá rẹ kọ ọ́, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Bí o bá dá lọ láìgbàṣẹ, wọ́n lè má fi ìwé ẹ̀rí náà sínú fáìlì rẹ.

Ìyá Ìbejì, London

Èmi kì í ṣe panápaná, iyàrá tí wọ́n ti ń gba ìpè pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ni Grenfell, ilé gogoro kan ní London níbí. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017 tí ilé gogoro yẹn jó, ènìyàn 72 ló kú. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé kí àwọn tí iná kò sí nínú yàrá wọn má jáde. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí Adájọ́ Martin Moore-Bick, tó darí ìwádìí iná náà, gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti yí ìlànà náà padà láàárín agogo kan ààbọ̀ sí agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó di agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kí wọ́n tó yí i padà. Ó sọ pẹ̀lú pé wọn kò kọ́ àwọn tó ń darí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ pé ó ti yẹ kí a kó gbogbo ènìyàn jáde, àti pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó há sínú ilé ń sọ lórí fóònù kò dé ọ̀dọ̀ olórí bó ti yẹ.

Ẹ ò ri pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ tó sì darí, ipò tí ẹ fẹ́ bọ́ sí yìí gan-an ló wà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá fi ìlànà kan lélẹ̀, ẹ sọ lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí ẹ bá rí tí ẹ ó fi pa á tì. Ẹ tún yan ẹnì kan tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ìpè.

Ní ti òkè òkun, níbí, ìpele 4 ni wọ́n pín ìdarí ibi ìjàǹbá sí, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ Institution of Fire Engineers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1918, ní ìdánwò tí ẹ lè máa kàwé fún láti ilé. Ẹ wò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ lẹ́tà Sheda, mo sì ti bá ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sọ̀rọ̀ lórí ojúṣe ààbò. Ó ní òun gbà. Èyí tó kù fún mi ni pé: nígbà tí àwọn ènìyàn mi bá wà nínú ilé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àkókò ti tó láti pè wọ́n jáde, nígbà tí gbogbo ara ń sọ pé kí a fi díẹ̀ kún un?

Ọmọ Èkìtì ní Maryland

Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ara yín láti rántí, nítorí àkókò kì í hàn sí ẹni tó wà lójú iná. Ẹ ní kí ẹnì kan tó wà nídìí ẹ̀rọ omi máa pe aago fún yín lórí rédíò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bó bá ti pè é, ẹ bi ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́ta: ibo lẹ wà, mélòó lẹ jẹ́ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ yín ṣẹ́ kù mélòó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè wo èéfín. Bó bá ṣì dúdú, tó nípọn, tó sì ń fi agbára tú jáde bíi ti ìgbà tí ẹ débẹ̀, omi yín kò tíì dé ibi tí iná wà. Bí ikọ̀ inú ilé kò bá lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà, ẹ pè wọ́n jáde, ẹ ka orí wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì máa fi omi lù ú láti ìta.