Òròmọdìyẹ mi ń mí hẹlẹ: ewé wo ló lè rọ́pò oògùn ebu?

Olóròmọ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ gbà mí. Òròmọdìyẹ 200 ni mo kó wọlé, wọ́n pé ọjọ́ 13 lónìí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti ń yanu, tí wọ́n ń na ọrùn sókè kí wọ́n tó rí èémí fà. Wọn ò sín, ọ̀fun wọn ò sì dún. Mo lo antibáyọ́tíìkì fún wọn, àfi bíi pé omi lásán ni mo bù fún wọn mu. 11 ti kú. Dókítà ẹran tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ó jọ ebu, èyí táwọn kan ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ kó oògùn lé oògùn. Wọ́n ní aáyù, efinrin àti dóńgóyárò ń pa ebu. Èwo ni kí n lò?

Ìyá Ẹlẹ́yin: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Aáyù ni kó o mú. Gún un, jẹ́ kó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o tó pò ó mọ́ omi wọn. Má sè é o, iná á gba agbára ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan funfun bo ẹnu àwọn adìyẹ mi, àpò oúnjẹ tó wà ní ọrùn wọn rọ̀, ẹnu wọn ń rùn kíkan. Aáyù ló wò wọ́n.

Ajíbọ́dìyẹ: Ẹ má bínú mà. Ṣé ẹ ṣì ń fún wọn ní antibáyọ́tíìkì nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ aáyù?

Ìyá Ẹlẹ́yin: Rárá, mo ti dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń fún wọn kí ẹnu wọn tó funfun.

Dókítà Ẹran: Ajíbọ́dìyẹ ti fọwọ́ bà á. Candida albicans, irú ebu kan tó ń gbé nínú ikùn, ló jọ pé ó mú adìyẹ màmá. Bí antibáyọ́tíìkì bá pẹ́ lára, á pa àwọn bakitéríà tó ń ṣọ́ ikùn, Candida á wá rí àyè gbilẹ̀. Aáyù lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí pé ojú ọ̀nà oúnjẹ gan-an ló ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n dídá tí wọ́n dá oògùn dúró wà níbẹ̀.

Ti Olóròmọ yàtọ̀. Èyí jọ Aspergillus fumigatus, irú ebu mìíràn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé. Lóòótọ́, àwọn èròjà bí eugenol inú kànáfùrù àti thymol inú efinrin ń pa ebu nínú àwo àyẹ̀wò. Àmọ́ nínú àwo, wọ́n da òróró wọn lé ebu lórí ni. Ohun tí òròmọ bá mu, ikùn ló ń lọ; ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá sì pò ó kó le, wọn ò ní mu omi yẹn, òùngbẹ á wá pa wọ́n. Nystatin tó jẹ́ oògùn ebu pàápàá kì í kúrò nínú ikùn lọ sára, kò lè ṣe nǹkan kan fún èyí. Kò sí ìwòsàn tó ṣeé gbọ́kàn lé fún agbo tí èyí bá mú.

Wọn kì í kó o ran ara wọn, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń fà á símú. Ẹ bo imú yín, kí ẹ la ọ̀kan tó kú.

Alágbo: Àwa a máa fi ewé dóńgóyárò fín ilé wọn.

Dókítà Ẹran: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èéfín lé ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń jà fún èémí?

Olóròmọ: Mo ti là á. Kóro kóro kún ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, òmíràn funfun, òmíràn pupa rúsúrúsú, wọn ò ju orí pínnì lọ. Ìgbà tí mo rú èérún pákó tó wà lábẹ́ ìmumi ni mo wá rí i: òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ tutù, ó ti hu ebu aláwọ̀ ewé, eruku gba ojú mi. Ìmumi yẹn ti ń jò látọjọ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀.

Dókítà Ẹran: Ẹ má rú u ní gbígbẹ mọ́! Ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀ kí eruku má bàa fò, ẹ kó àwọn òròmọ jáde, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù. Gbígbẹ tí kò rùn ebu ni kí ẹ fi pààrọ̀. Ẹ wo oúnjẹ wọn náà: èyí tó bá ti dì pọ̀, ẹ má sá a sóòrùn pé ẹ fẹ́ gbà á là. Oòrùn kì í lé májèlé ebu jáde. Ẹ ya àwọn tó ń mí hẹlẹ sọ́tọ̀, kí àwọn tó lágbára má bàa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Olóròmọ: Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Mẹ́ta tún kú, lára àwọn tí mo yà sọ́tọ̀ ni. Kò sí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yanu. Ẹ ṣé gan-an. Mi ò tíì gún aáyù kankan mà.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Jẹ́ kó wà. Ìmumi ńkọ́?

Olóròmọ: Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, orí bíríkì ló wà báyìí.