Ìdáhùn sí ìbéèrè mi lórí ìforúkọsílẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè bóyá òfin Ìlú Ọba sọ ọ́ di dandan kí òṣìṣẹ́ ìlera aráàlú tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì forúkọ sílẹ̀. Rárá o. Ti UKPHR, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera aráàlú sílẹ̀ níbẹ̀, tó ti wà láti ọdún 2003, kì í ṣe dandan. Síbẹ̀ mo máa ṣe é, torí ó yẹ kí ẹni tó ń ṣètò àjẹsára fún odindi àdúgbò ní ibi tí aráàlú ti lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àkójọ ẹ̀rí téèyàn máa fi forúkọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ibẹ̀: ohun téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìròyìn tí gbogbo ọ́fíìsì jọ kọ nìkan kò tó. Ẹ fi ipa tiyín hàn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ìbéèrè mi parí síbí.