Kápẹ́ẹ̀tì Bob, táìsì tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bí fíìmù kan ṣe bá ọ̀rọ̀ ilé mi mu. "Lost in Translation" ni fíìmù náà, èyí tí Sofia Coppola ṣe ní 2003. Ọmọ mi obìnrin ló fi sórí kọ̀ǹpútà mi nígbà tí mo ń padà sí Port Harcourt, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 11 sẹ́yìn. Ìbàdàn ni ìyàwó mi wà. Ẹni ọdún 51 ni mí nígbà náà.

Bob jẹ́ òṣèré tí òkìkí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ó lọ sí Tokyo láti polówó ọtí wísíkì, mílíọ̀nù 2 dọ́là ni wọ́n fẹ́ san fún un, síbẹ̀ kò róorun sùn. Ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló ti pàdé Charlotte, ọ̀dọ́bìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò ráyè tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dùn mí, àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì ló mú mi. Ìyàwó Bob fi ègé kápẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kí ó wá mú èyí tó wù ú fún yàrá iṣẹ́ rẹ̀ nílé. Mo dá fíìmù náà dúró. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwòrán táìsì mẹ́fà ni ìyàwó mi fi sí WhatsApp mi: "Dádì, èwo ni ká tẹ́ sí pálọ̀?" Mo wo ọ̀rọ̀ wa sẹ́yìn. Sìmẹ́ǹtì. Owó iléèwé. Owó bíríkìlà. Mo wò ó dé oṣù kẹta sẹ́yìn, n kò rí ibi tí ọ̀kan nínú wa ti bi ìkejì pé báwo lara.

Aago méjìlá òru ni mo pè é. "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń sùn ni. Ó dákẹ́, ó pẹ́. Ó wá ní láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ti lọ yunifásítì, òun kì í sùn ní yàrá mọ́. Orí àga pálọ̀ ni, kí òun lè máa gbóhùn tẹlifíṣọ̀n.

A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Èmi ni ìyàwó nínú irú ìtàn yìí. Ọkọ mi ti lo ọdún 6 ní Houston. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi táìsì yẹn bínú sí ìyàwó yín. Èmi náà ti bi ọkọ mi ní àwọ̀ ọ̀dà rí, tí mo sì ti ra ọ̀dà náà tán. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.