Mímú ajá rìn ní pápá Abẹ́òkúta lásìkò òjò àkọ́rọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, pápá ọ̀nà Alábàtà àti apá Ọ̀dẹ̀dá a bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún wò. Imí eṣú ń tanná, patanmọ́ náà ń yọ òdòdó roboto. Ajá á fẹ́ ki orí bọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni eégbọn ń ru sókè, òun sì ni kí ẹ ṣọ́ ju ejò lọ.

Eégbọn kì í fò, kì í sì í já bọ́ látorí igi. Orí koríko ló máa ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀, ohunkóhun tó bá kọjá tó fara kàn án, ó ti dì mọ́ ọn nìyẹn. Nítorí náà, àárín ọ̀nà ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ koríko. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú lílà ara ògiri ilé ajá ni wọ́n ń gbé, ẹ yẹ ibẹ̀ wò pẹ̀lú.

Kí ajá tó wọlé ni kí ẹ ti yẹ ara rẹ̀ wò: inú etí, abẹ́ okùn ọrùn, abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Ẹ fi ìka ya irun rẹ̀ lódìlódì, torí eégbọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ kò ju hóró yanmọtí lọ. Èyí tó ti mu yó a wú, a sì di aláwọ̀ eérú. Ẹ fi èmúgá kékeré mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ ara, ẹ fà á tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má lọ́ ọ. Kẹrosíìnì kọ́, iná kọ́. Tí ara bá ni ín, ṣe ni yóò pọ itọ́ sínú ajá, inú itọ́ náà sì ni àrùn wà. Ẹ má fi èékánná fọ́ ọ. Ẹ jù ú sínú spírítì, ẹ sì fọ ojú ibi tó bù jẹ.

Fún ọ̀sẹ̀ 3 tó tẹ̀lé e, tí ajá bá kọ oúnjẹ, tí erìgì rẹ̀ ṣì, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tó ṣókùnkùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tán lọ.

Ẹlòmíràn dá sí i pé: Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ẹ máa wá abẹ́rẹ́ olóko àti ẹ̀mọ́ àgbò, èso koríko tó ń lẹ̀ mọ́ irun, lára ajá náà. Tí wọ́n bá wọ àárín ìka ẹsẹ̀, ibẹ̀ á wú, á ṣọyún. Okùn tí kò ju mítà 2 lọ ló tọ́, nítorí àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn àti tàkúté ọlọ́dẹ.

Ojú àpáta máa ń gbóná ju ilẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé e: tí ẹ kò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á bó. Ẹ jáde ṣáájú aago 8 àárọ̀, tàbí lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú omi ìdajì lítà fún wákàtí kan; díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa mu ún. Tó bá fi ẹnu gbé ọ̀pọ̀lọ́, tí ó ń da itọ́ fòfò, ẹ tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ síta, kó má ba à gbé e mì.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò gbọdọ̀ yẹ̀: látìgbà tó bá ti pé oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Tí ajá tí ẹ kò mọ̀ bá bu ènìyàn jẹ lójú ọ̀nà, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbéra lọ sílé ìwòsàn.