Àkáǹtì ta ni kí owó àwo orin ìrànwọ́ wa máa wọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Èmi àtàwọn olórin kan, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí àti l'Ékòó, ń ṣe àwo orin kan láti fi ran ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan lọ́wọ́ n'Íbàdàn. Kì í ṣe orin ijó o. Ẹnì kan gba ìró jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ lóru, ó fà á gùn títí tó fi ń dún bí àgbà tó ń kùn. Ẹlòmíì fi kọ̀ǹpútà gé ìró omele sí wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn gan-an.

Orí Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn fúnra wọn, la ti fẹ́ tà á, lọ́jọ́ Bandcamp Friday tí wọn kì í yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tiwọn. Ìyẹn ò le.

Owó gan-an ló ń kọ mí lóminú. Owó tí George Harrison, ọ̀kan nínú àwọn olórin Beatles, àti Ravi Shankar, olórin ará Íńdíà, fi orin kó jọ fún Bangladesh lọ́dún 1971, ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ fi há sọ́wọ́ àwọn agbowó-orí Amẹ́ríkà, torí pé wọn ò ti ṣètò ìwé ẹgbẹ́ aláàánú ṣáájú. Mo ti rò ó pé kó wọ àkáǹtì mi, kí n máa fi àkọsílẹ̀ ẹ̀ han gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá wá kà á sí owó tí mo pa fúnra mi ńkọ́? Ilé àwọn ọmọ náà gbà kó wọ àkáǹtì tiwọn tààrà, àmọ́ àwọn olórin kan fẹ́ máa rí iye tó ń wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, èwo nínú méjèèjì lẹ ní ká mú? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.