Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọkọ̀ kékeré pẹja rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Odò Asà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti agbègbè wa gbogbo. Àríyànjiyàn ló bẹ́ sílẹ̀ níbi tá a ti ń dúró de mọ́tò lánàá. Ẹnìkan ní kò sí ọmọ Kwara tó mọ nǹkan kan nípa ẹja pípa, pé ẹja dídì inú páálí nìkan la mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ kékeré lọ pẹja rí, ì báà jẹ́ ní Asà, ní Jẹ́bà tàbí lórí òkun, kó wá sọ bó ṣe rí. Tara ẹni la fẹ́ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín:
Ọ̀fà ni mo wà báyìí, àmọ́ mo ti gbé ní ìpínlẹ̀ Washington rí, lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ̀gá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ò tóbi, èèyàn mẹ́rin bá wọ̀ ọ́, ó ti kún. Westport la ti gbéra, ìlú èbúté kan létí òkun Pàsífíìkì. Ìdájí ni. A ò tíì kúrò nítòsí ilẹ̀ tí ìgbì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè, tó ń fi í balẹ̀ gbà. Ẹ̀kọ tí mo mu kí n tó kúrò nílé, inú òkun ni mo bì í sí.

Ẹja tá a torí ẹ̀ lọ ni coho, oríṣi sàmọ́nù kan ni. Inú odò ni wọ́n ti ń bí i. Á wá wọ òkun lọ, á lo nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀, á jẹun kánú, lẹ́yìn náà á padà sí odò tí wọ́n ti bí i láti lọ yé ẹyin. Tó bá ti yé e tán, ó parí nìyẹn, ikú ló kàn. Láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ló máa ń pọ̀ nítòsí etí òkun níbẹ̀, torí ó ń múra àtiwọ odò.

A kì í ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ká jókòó máa wojú omi. Ńṣe ni ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin sí méje láàárín wákàtí kan, tó ń wọ́ okùn tẹ̀lé ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù òjé kan wà tó wúwo gan-an, wáyà ló so ó rọ̀ sínú omi, òun ló ń fa okùn ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀ dé ibi tá a bá fẹ́. Pẹ́ẹ̀gì kékeré kan ni wọ́n fi há okùn mọ́ wáyà yẹn. Níwájú ìwọ̀, ike pẹlẹbẹ kan wà tó ń yí bìrí tó sì ń kọ mọ̀nà, kí ẹja lè rò pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti ń jẹun níbẹ̀. Ẹja kékeré kan tó jọ ṣáwá la fi ṣe ìdẹ. Coho kì í sábà lọ sísàlẹ̀ bíi sàmọ́nù ńlá tí wọ́n ń pè ní Chinook, nítorí náà a ò ju òjé náà sísàlẹ̀ púpọ̀.

Ojú mi kò kúrò lára ọ̀pá ìpẹja. Ó ti tẹ̀ kọrọdọ nítorí òjé tó ń fa okùn. Lójijì, okùn já kúrò lẹ́nu pẹ́ẹ̀gì, ọ̀pá na gan-an, kí n tó ṣẹ́jú ó tún ti tẹ̀ padà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó ń gbọ̀n. Ọ̀gá kígbe pé kí n máa ká a. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ẹja yẹn fẹ́ dójú tì mí. Coho kì í tóbi jù, kìlógíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ á fò sókè láti inú omi, á yí po, á sá lọ, á tún dédé kọjú sí ọkọ̀ kó máa bọ̀ wá bá ọ. Ìgbà tó bá kọjú sí ọ yẹn ló léwu jù, torí tí okùn bá ti dẹ̀, ìwọ̀ á yọ. Ìwọ̀ tá a sì ń lò, wọ́n ti tẹ ẹ̀gún ẹnu rẹ̀ palẹ̀. Òfin wọn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Mo fa ẹja dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sanra, ó ń dán, mo ti ń fojú inú rí ìkòkò. Ọ̀gá ò mú àwọ̀n. Ńṣe ló tẹ̀ síwájú, tó ń wo ẹ̀yìn ẹja nítòsí ìrù. Lẹ́bẹ́ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, kò tó orí ìka, rọ̀bọ̀tọ̀ ni, kò ní egungun. Ẹja tí wọ́n sìn lọ́mọdé kí wọ́n tó dà á sódò, wọ́n ti gé lẹ́bẹ́ yẹn kúrò lára rẹ̀. Èyí tí odò fúnra rẹ̀ bí, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹni tó ń sin àrọ̀ ní kòtò wa ń fi àmì sára gbogbo ọmọ ẹja tó bá tà. Èyí tí wọ́n gé lẹ́bẹ́ ẹ̀ nìkan lo lè gbé lọ sílé. Èyí tó bá ní lẹ́bẹ́, o gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, torí àwọn tí odò bí ti dínkù gan-an láwọn odò kan níbẹ̀, òfin sì ń dáàbò bò wọ́n.

Tèmi ní lẹ́bẹ́. Ọ̀gá fi pílásì yí ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú omi níbẹ̀, kò tiẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀. Ẹja na ìrù, ó ti lọ. Mo wo ọwọ́ ara mi, mo wo ọ̀gá. Ó ní ká tún okùn jù.

Èyí tá a mú nígbẹ̀yìn kéré sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé lẹ́bẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ya ẹnu rẹ̀ wò: èèrìgì rẹ̀ funfun. Chinook, dúdú ni tiẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sí káàdì mi lójú ẹsẹ̀, kí n tó ju okùn padà. Káàdì yẹn ni ìjọba fi ń mọ iye sàmọ́nù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi ní Ọ̀fà lórí WhatsApp pé mo tú ẹja sílẹ̀, èsì tó fún mi ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ata níbẹ̀ ni?”

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà-Ọba:
Háà! Ọmọ Ọlọ́fà, ẹja tó ti wọ ọwọ́ tán? Èmi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Wọ́n gbé ẹja wá fún mi ní òwúrọ̀, kí n wá máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní lẹ́bẹ́ tàbí kò ní? Ebi á pa àwọn ọmọ mi. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, báwo ni ẹran ẹja náà ṣe rí lẹ́nu, ṣé ó gba yíyan?

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín:
Ìyá wa, ó gba yíyan dáadáa. Ẹran rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, edé àti irú wọn tó ń jẹ lókun ló fà á. Ó lọ́ràá, nítorí náà ẹ má fi òróró púpọ̀ sí i. Mo fi ata gígún, iyọ̀ àti àlùbọ́sà ra á lára, mo yan án, mo fi jẹ ẹ̀kọ. Ọ̀gá tọ́ ọ wò, omi dà lójú ẹ̀, ó tún bù sí i.

Àbúrò Àfáà:
Èmi ò dé òkun rí. Odò Asà ni tèmi, lẹ́yìn dáàmù, níbi tí omi ti fẹ̀. Bàbá apẹja kan ló gbé mi lọ nínú ọkọ̀ pákó rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnì, àjẹ̀ ni, iṣẹ́ mi sì ni láti máa gbọ́n omi dànù torí ọkọ̀ ń jò. Àwọ̀n la fi mú epìyà. Ti àrọ̀ ló yà mí lẹ́nu: okùn gígùn kan, ìwọ̀ tò sára rẹ̀ lọ rẹrẹ, ìdẹ tí Bàbá sì fi sí ẹnu ìwọ̀ ni ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ọṣẹ! Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò dá mi lóhùn. Nígbà tá a padà lọ fa okùn láàárọ̀, àwọn tó kọ́ sí i ń jà lẹ́nu ìwọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ lẹ́bẹ́ yẹn kọ́, ohun tí mo rí ní Asà ni àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há tó ń kó ọmọ epìyà tí kò tíì tó ìka. Wọ́n ń sá wọn sóòrùn. Bàbá ń tú àwọn kéékèèké sílẹ̀ nínú tirẹ̀, kò sí ìjọba tó sọ fún un. Àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó lówó.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà-Ọba:
Àwọn ọmọ epìyà gbígbẹ yẹn, èmi náà ń rà wọ́n o, mi ò ní purọ́. Owó wọn ló rọ àwọn oníbàárà mi lọ́rùn díẹ̀. Tí ẹ bá dá wọn dúró lódò, èmi á dá ríra wọn dúró lọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín.

Ọmọ Odò Asà:
Àbúrò Àfáà, ṣé Bàbá ṣì ń lọ? Mo fẹ́ bá a lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo mọ omi gbọ́n.

Àbúrò Àfáà:
Ó ń lọ. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló máa ń gbéra, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wá pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kò sí irú ẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ mú ọṣẹ dání.